Ìsinmi Ọ̀sẹ̀ Kẹta

Inú mọ́tò tó ń ti Ẹ̀jìgbò lọ sí Ara ni mo wà, tí mo gbọ́ tí obìnrin méjì tí jẹjẹrẹ ọmú ti ràn kálẹ̀ lára wọn ń fi ìtọ́jú wọn wéra lẹ́yìn mi.

"Èmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fa oògùn sí mi lára, Ìyá," èyí tó kéré, tó ti Kọdifúà dé, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Tiyín ńkọ́?"

"Oníhóró ni tèmi, ọmọ mi. Wọ́n ní kí n lò ó fọ́sẹ̀ méjì, kí n sinmi lọ́sẹ̀ kẹta, kí n tún bẹ̀rẹ̀."

"Ó dáa o. Kí ló wá bó yín lọ́wọ́ báyìí?"

"Mo ṣe bí ọkọ́ ni. Ó ti dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àmọ́ mò ń sinmi lọ́sẹ̀ yìí, mi ò lọ sóko."

"Oògùn ńkọ́?"

"Mo lò ó láàárọ̀. Ṣé èèyàn ń fi oògùn sílẹ̀ ni? Oko ni mo fi sílẹ̀."

"Súbúhánálláhì! Ìyá, ta ló sọ̀rọ̀ oko? Oògùn yẹn ni wọ́n ní kẹ́ ẹ sinmi!"

"Àní mo sinmi! Mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ọkọ́."

Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, mi ò mọ̀ pé "ẹ sinmi" lè fẹ́ pa èèyàn.

"Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! A ń padà sọ́sibítù," èyí tó kéré ló ké bẹ́ẹ̀.

Ìyá náà rọra fi àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti bó yẹn tẹlẹ̀, ó di báàgì oògùn rẹ̀ mọ́yà.

"Wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ mi, àbí?"