Ìpè tí Mo Ní Kí Philemon Dáhùn

Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ là mí nínú. Kí n tó wọlé, òtítọ́ yìí gbọ́dọ̀ jáde. Charity, jọ̀ọ́, sún mọ́ mi. Lérè, má tẹ̀lé nọ́ọ̀sì jáde, tìrẹ gan-an ló mú mi lanu.

Èmi Benedict ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún ìlú wa. A kọ̀wé pe àwọn agbaṣẹ́ṣe pé kí wọ́n mú àbá wá, kí a lè mọ ẹni tí yóò ṣe é. Ẹ̀tàn ni. Alága ti gbé iṣẹ́ náà fún àna rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ní ẹni mẹ́ta gbọ́dọ̀ dáhùn, ẹni méjì la sì rí. Alága ní, "Benedict, ṣáà wá ẹnì kan kún un." Charity, Philemon ọkọ rẹ tó ń gbẹ́ kànga ló wá sí mi lọ́kàn, torí pé ó fọkàn tán mi. Ìkà ni mí.

Ó bi mí lẹ́yìn ìsìn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n dáhùn ìwé yìí àbí kí n fi sílẹ̀? Wàhálà ẹ̀ pọ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dáhùn, jàre. Ojú ẹ ni wọ́n ń wò."

Ẹ mọ̀ pé ọ̀dà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe títì, wà nínú ilẹ̀ wa. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ fọwọ́ gbẹ́lẹ̀ wò, omi dúdú ló máa bá. Àwọn méjì yòókù jókòó sílé kọ tiwọn. Philemon lọ ń gbẹ́lẹ̀ nínú òjò kó lè kọ òótọ́. Mo gun ọ̀kadà kọjá, kòtò ti mù ún dé ọrùn. Ó kígbe pé, "Ẹ̀gbọ́n, omi dáadáa wà níbí!" Gbólóhùn kan láti ẹnu mi ì bá mú un jáde. Mo juwọ́ sí i, mo bá tèmi lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ya lù ú.

Èyí tó burú jù nìyí. Lẹ́yìn ìsìnkú, Charity, o gbé àbá tó ti ń kọ wá fún mi, o ní kí làálàá rẹ̀ má ṣòfò. Mo gbà á. Òkú ni mo fi mú kí ó pé ẹni mẹ́ta. Nígbà tí o bi mí bóyá wọ́n kà á, mo ní tirẹ̀ ló dára jù. Ẹnikẹ́ni ò ṣí i wò. Àna alága ló gbẹ́ kànga yẹn, títí dòní ló sì ń rùn bí ọ̀dà, bí mo bá sì ti bu omi mu, mo ń gbọ́ igbe Philemon.

Lérè, o mú irú ìwé ìpè agbaṣẹ́ṣe bẹ́ẹ̀ wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ní, "Bàbá, ṣé kí n dáhùn?" Ohùn Philemon bàbá rẹ ni mo gbọ́. Ọmọ mi, kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá iṣẹ́ náà ṣì wà nílẹ̀, tí wọn ò tíì gbé e fún ẹnì kan. Bí ẹni tí o bi bá rẹ́rìn-ín bí mo ṣe rẹ́rìn-ín, máa lọ sílé.

Charity, dárí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é, sọ bẹ́ẹ̀.