Ìran Ọkọ̀ Ojú Irin Tí N Kò Rí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé yìí, ẹ má tíì bínú sí mi. Ẹ kà á tán ná. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́rin, n kò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, n kò sọ ọ́ fún àlùfáà. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ọkọ mi ní kí n bá òun bi Ọlọ́run ní ìbéèrè kan, ó sì ń retí èsì kí ọjọ́ ìdúpẹ́ ìjọ wa tó pé. Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo da iyọ̀ sí ọbẹ̀ àná.

Aládùúrà ni wá, níbí ní Houston, aríran sì ni mí nínú ìjọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ayédèrú ni mí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ ríran, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo rí ló sì ṣẹ.

Onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì ni ọkọ mi, Bàbá Tọ́pẹ́. Ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Ọ̀fà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, nítorí bàbá rẹ̀ ló máa ń ju àsíá fún ọkọ̀ níbẹ̀. Ní ìlú tí a wà yìí, níbi tí ènìyàn kò lè ra búrẹ́dì láìwa mọ́tò gba freeway, àárò ọkọ̀ ojú irin ń sọ ọ́ bí àárò oúnjẹ ilé ṣe ń sọ èmi.

Ní ọdún 1982, ọ̀gá rẹ̀ kan ti Spain dé, ó fún un ní ìwé tí wọ́n kọ àkókò gbogbo ọkọ̀ ojú irin ibẹ̀ sí. Ó parí. Láti ọjọ́ náà, tábìlì oúnjẹ wa kì í ṣe ti oúnjẹ mọ́. Ó fi rúlà fa ìlà sórí bébà ńlá: Madrid, Córdoba, Sevilla, Granada, Valencia, Barcelona. Ó kọ aago tí a ó wọ ọkọ̀ àti aago tí a ó sọ̀ kalẹ̀. Ó tún kọ iye ìṣẹ́jú tí a ó fi sáré lọ wọ òmíràn. Ó ra kásẹ́ẹ̀tì tó ń kọ́ni ní èdè wọn, ó ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo kí i, ó dá mi lóhùn pé, “Buenos días, señora.” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìsinmi tí àwa méjèèjì ń rí gbà pọ̀ lọ́dún. Ó sì ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti rí ìyá mi ní Ìwó gbẹ̀yìn. Mo bẹ Bàbá Tọ́pẹ́.

Ó ní, “Ìyá Tọ́pẹ́, next year la máa lọ sílé, I promise. Màmá ò ní sá lọ.”

Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Gbogbo lẹ́tà tí àbúrò mi ń bá a kọ ló ń parí síbì kan náà: ṣé ojú á tún rí ojú? Ó yẹ kí n bá ọkọ mi jà. Ìjà ì bá sàn ju ohun tí mo ṣe lọ.

Ní ọjọ́ Sunday tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ó lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì, mo dìde láàrin àdúrà, mo ń gbọ̀n. Mo ní, “Báyìí ni Olúwa wí.” Mo ní mo rí ọkọ̀ gígùn kan tó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, mo sì rí bàtà ọkùnrin kan, aláwọ̀ ilẹ̀, nínú koríko. Mo ní kí ẹni tó ń gbèrò ìrìn àjò jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, n kò rí nǹkan kan. Bàtà Bàbá Tọ́pẹ́ ni. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí gbogbo wa ń bọ́ bàtà sí, ni mo ti rí i láàárọ̀ ọjọ́ náà. Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìran. Nígbà tí mo lajú, ọkọ mi ti dojúbolẹ̀.

Kò bá mi jiyàn. Ó ká bébà rẹ̀, ó kó kásẹ́ẹ̀tì sínú páálí, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún òun ní irú ìyàwó yìí.

Ìsinmi náà ni a fi lọ sílé. Mo sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, mo bá a di irun. Ọdún kejì rẹ̀ ni ó kú. Bí mo bá sọ fún yín pé mo kábàámọ̀ pé mo lọ rí ìyá mi, irọ́ mìíràn nìyẹn, èyí tí mo pa sì ti tó.

Lọ́dọọdún ni Bàbá Tọ́pẹ́ ń jẹ́rìí sí i. Ó ka ìròyìn ọkọ̀ ojú irin kan tó dànù ní òkè òkun, kì í ṣe Spain rárá, síbẹ̀ ó gé e, ó fi han gbogbo ìjọ. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi nítorí ilé, nítorí ìgbéyàwó. Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù: láti ọjọ́ tí mo ti pa irọ́ náà, n kò ríran mọ́. Mo ń di ojú, òkùnkùn lásán ni. Ohun tí ìyá èyíkéyìí tó lọ́gbọ́n lè sọ ni mo ń sọ fún wọn.

Owó epo rọ̀bì ti wálẹ̀ báyìí, wọ́n ti dá Bàbá Tọ́pẹ́ dúró níbi iṣẹ́. Ó ti rí iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n ó ku oṣù mẹ́ta kí ó bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó ní, “Mi ò lè ní irú time yìí mọ́. Bá mi bi Ọlọ́run, bóyá ewu yẹn ti kọjá. Tó bá ní rárá, it’s okay, mi ò ní bèèrè mọ́ láé.”

Kò nira. Kí n kàn dìde, kí n ní mo rí ọ̀nà tó mọ́ kedere, á sì lọ. Ṣùgbọ́n irọ́ kejì ní orúkọ Ọlọ́run nìyẹn. Bí mo bá sì sọ òótọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé kì í ṣe èmi nìkan ni ọkọ mi kò ní gbà gbọ́ mọ́, àti Ọlọ́run pàápàá.

Ó ń gbààwẹ̀ lórí rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Lónìí mo rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́, mo gbé tíì fún un. Ó rọra tì í padà sí mi, ó ní òun kò fẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò dí ìran mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?