Ẹni Tó Lu Agogo Fún Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ará abúlé wa, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ kú ìrìn ẹrẹ̀ náà. Èmi Enoch Pell tó ń fi koríko bo òrùlé yín ni mò ń sọ̀rọ̀. Jabez Woodhams ọ̀rẹ́ mi ló wà nínú pósí yìí, ẹni tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn òkú wa tẹ́lẹ̀.

Jabez lágídí. Ó ní òun ò ní wọ bàtà tuntun wọ ṣọ́ọ̀ṣì láéláé, pé ariwo ẹ̀ ń da òkú láàmú. Àbí mo parọ́, Hester? Ìwọ lo fẹ́ ẹ. Ẹ sì rántí bó ṣe máa ń lu agogo: ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án fún ọkùnrin, mẹ́fà fún obìnrin, mẹ́ta fún ọmọdé, lẹ́yìn náà ó kan iye ọdún olóògbé. Ẹni tó wà lóko á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, á máa kà á. Kò ṣì í lù rí.

Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, Thirza ìyàwó mi bímọ. Ọmọ náà ò rí ọjọ́ kejì, a ò sì tíì ṣèrìbọmi fún un. Torí ìyẹn, Àlùfáà ní ká sin ín sẹ́yìn ògiri itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, sáàárín èsìsì, kí agogo má sì dún. Mo lọ bẹ Jabez. Mo ní, "Thirza ń tẹ́tí sílẹ̀."

Ó ní, "Padà sọ́dọ̀ ìyàwó ẹ, jàre. Má sunkún sí mi lára."

Kí n tó délé, agogo dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì dákẹ́, torí ọmọ wa ò lọ́dún kankan tí wọ́n máa kà. Thirza ní, "Wọ́n ti ka ọmọ wa mọ́ èèyàn." Ó wá sùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Àlùfáà bi Jabez lójú gbogbo wa pé, "Ta ló ní kó o lù ú?"

Jabez ní, "Ẹnì kankan ò rán mi, sà. Aládùúgbò mi kan ló kú."

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé agogo lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi jókòó, mo tẹjú mọ́ fìlà mi, torí orí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nilé mi wà. Ẹ̀yin ará, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Ojú ń tì mí. Hester, dárí jì mí.

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù. Jabez da omi tiẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n fẹ́ kó tẹ̀ lónìí: Àlùfáà ti ránṣẹ́ pé agogo ò ní dún fún un. Ó dáa. Ẹnu wa ò sí lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. A máa ka mẹ́sàn-án fún ọkùnrin, ká tó ka ọdún mọ́kànléláàádọ́rin rẹ̀, títí a ó fi gbé e dé iwájú Àlùfáà. Ẹni tí Jabez bá ti lu agogo fún èèyàn rẹ̀ rí, kó bá mi kà á. Bí wọ́n bá fẹ́ gbalé mi, kí wọ́n gbà á.

Jabez, máa rọra lọ. Bó o bá rí ọmọ kékeré kan lọ́hùn-ún tí ò lórúkọ, tiwa ni. Sọ fún un pé bàbá ẹ̀ ti sọ̀rọ̀.

Ẹ gbé e. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Ení.