Ìlà Kan Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìwé Àbúrò Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò ní dárúkọ ara mi. Ọdún méje ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé àbúrò mi bi mí ní ìbéèrè kan lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mi ò sì tíì dá a lóhùn.

Snellville ni mò ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta níbí. Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bùsáyọ̀. Ìkìrun lòun àti màmá wa ń gbé nígbà náà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jù ú lọ, èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo kọ́ ọ ní A, B, D. Bí mo bá sọ pé funfun ni èédú, Bùsáyọ̀ á ní funfun ni.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìdánwò méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan wà fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìwádìí: ẹni tó bá yege, ìjọba á rán an lọ sókè òkun láti lọ gba oyè dókítà, wọ́n á sì máa gbọ́ bùkátà rẹ̀. Èkejì wà fún àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ ní yunifásítì nílé. Ọjọ́ Sátidé kan náà ni wọ́n fi méjèèjì sí, ti ìwádìí ní Àbújá, ti olùkọ́ ní Ìbàdàn. Kò sí bó ṣe lè ṣe méjèèjì. Ti ìwádìí kì í sì í gba ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínlógójì, bẹ́ẹ̀ Bùsáyọ̀ ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìgbà yẹn nìkan ló kù fún un.

Ìwé ìlànà wọn gùn, fóònù rẹ̀ ò sì lè ṣí i. Ló bá fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Sister mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á, kí ẹ fi wọ́n wéra. Èyí tí ẹ bá ní kí n ṣe ni màá ṣe."

Mo kà á níbi iṣẹ́, nígbà tí mo gba break. Mo fa ìlà sáàárín bébà, mo kọ ti ìwádìí sápá ọ̀tún, mo kọ ti olùkọ́ sápá òsì. Kò pẹ́ tí mo fi rí èyí tó dáa jù. Lójú ìwé kẹta ti ìwádìí, wọ́n kọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá yege lè fi èsì kan náà gba iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, bí kò bá fẹ́ rìnrìn àjò mọ́. Ti olùkọ́ kò lè gbé èèyàn lọ síbì kankan ju kíláàsì lọ.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu màmá wa lọ́dún tó ṣáájú. Bùsáyọ̀ ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń fún un lóúnjẹ. Bó bá lọ, èmi ni mo kù. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Bí mo bá jáde ní Amẹ́ríkà, mi ò lè padà wọlé. Ohun tí mo máa ń sọ fún ara mi nìyẹn. Òótọ́ sì ni, àmọ́ kò tán síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kù. Èmi náà gba master's nílé kí n tó wá. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lilburn, mò ń pààrọ̀ ìlédìí fún wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Norcross, àwọn èèyàn wa fẹ́ràn oyè, ẹ mọ̀ wá náà. Mo ti ń rò ó bí wọ́n ṣe máa pe àbúrò mi síwájú lọ́jọ́ tó bá wá kí mi, "Doctor, ẹ máa bọ̀ níbí ma," tí èmi á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn tó ń tọ́jú ọmọ. Inú mi ò dùn sí i. Mo jowú ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n.

Mo tún bébà náà kọ. Mo kọ pé èsì ti olùkọ́ wúlò títí láé, pé ti ìwádìí kì í kọjá ọdún méjì. Òótọ́ ni. Mo kọ pé àwọn tó ń lọ sí Àbújá pọ̀ gan-an, pé díẹ̀ ni wọ́n ń mú. Òótọ́ ni. Mo wá yọ ìlà ojú ìwé kẹta yẹn, mo sì fi bébà náà ránṣẹ́ sí i. Mo fi ohùn ránṣẹ́ tẹ̀ lé e, mo ní, "Busayo, just go to Ìbàdàn jàre. Eléyìí sure. Ṣé o gbọ́?" Ó ní òun gbọ́.

Ó lọ, ó sì yege dáadáa. Yunifásítì kan tí kò jìnnà sílé ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Àrùn tó ń ba ewé ẹ̀gẹ́ jẹ́ ló fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí látìgbà tó ti wà ní kékeré, àmọ́ àwọn irinṣẹ́ ẹ̀ka wọn ti bàjẹ́ kó tó débẹ̀. Kò ráhùn sí mi rí. Ṣe ló máa ń sọ fáwọn èèyàn pé Ọlọ́run ló lo ẹ̀gbọ́n òun fún òun. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, màá ní ìkòkò mi wà lórí iná, màá sì pa fóònù.

Màmá wa kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí ní parking lot ibi iṣẹ́, tí mo ń wo ìsìnkú lórí fóònù. Mo rí Bùsáyọ̀ tó dá dúró létí sàréè. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí mo ṣe fún ara mi: èmi ni mo tì í mọ́ ibi tí mi ò lè dé.

Àárò rẹ̀ ń sọ mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tọrọ físà lẹ́ẹ̀mejì kó lè wá kí mi, wọn ò fún un. Bí mo bá wakọ̀ kọjá níwájú yunifásítì tó wà láàárín ìlú níbí, tí mo rí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, mo máa ń wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan, bíi pé mo máa rí i láàárín wọn. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn mi, àmọ́ kò sí èyí tó lè pè mí ní oríkì mi. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi obìnrin bá mi níbi tí mo ti ń fi aṣọ òtútù kọ́ sínú yàrá kan tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí. Ó ní, "Mummy, who's that for?" Mo ní ti Aunty Busayo ni. Ó ní, "Ṣé she's coming?" Mo ní kó lọ ṣe homework rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Bùsáyọ̀ pè mí. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tó mọ̀wé gan-an fẹ́ ṣe ìdánwò, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì tún fi méjèèjì sí. Ó ní, "Sister mi, ẹ bá mi wo tiẹ̀ náà, bí ẹ ṣe wo tèmi. Mo ti sọ fún un pé ẹ ò ní ṣì í lọ́nà."

Mo ṣí ìwé náà. Ìlà yẹn wà lójú ìwé kẹta, wọn ò yí ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́, àbúrò mi á rí i. Bí mi ò bá kọ ọ́, mo tún ti ṣe é fún ọmọ ọlọ́mọ tí kò ṣẹ̀ mí. Mo ń ṣí i, mo ń pa á dé fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo kọ gbogbo rẹ̀, mo fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tó fi dáhùn. Ó dúpẹ́, ó ní Àbújá lọmọ náà ń lọ. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé, "Sister mi, ṣé tuntun ni ohun tí wọ́n kọ sójú ìwé kẹta yìí, àbí ó ti wà níbẹ̀ nígbà tèmi?"

Ọjọ́ kẹrin rèé. Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò gbé e. Mo lè sọ pé tuntun ni, yóò sì gbà mí gbọ́, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá sọ òtítọ́, mo lè má gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹlòmíì tó kù fún mi nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àbúrò ẹnìkan, ẹ̀yin ni mò ń bi. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni mo ṣe é sí, tí mo pè yín lónìí tí mo jẹ́wọ́, ṣé ẹ máa gbé fóònù bí mo bá tún pè lọ́la?