Ìka Bámgbóṣé, Orúkọ Agatha

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1954, mo gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin mẹ́rin ní abúlé Ìdí-Àyìn, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ènìyàn méjìdínlógójì ni mo gbà á lára wọn. Ó di ọdún karùn-ún báyìí tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Rachel ìyàwó mi kò gbọ́ ọ, àlùfáà tí mò ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ní Kabba kò gbọ́ ọ. Nísinsìnyí tí ikùn mi ti wú, tí àwọn tó ń tọ́jú mi kò sọ fún mi mọ́ pé ara mi yóò yá, n kò fẹ́ gbé e wọ ilẹ̀. Èmi Isaiah Ìbítóyè, ọmọ Kabba, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ èyí.

Iṣẹ́ ìwádìí àrùn sùnrunsùnrun ni mò ń ṣe nígbà náà. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fa àrùn náà. Eṣinṣin kan tó máa ń ta ènìyàn létí odò ló ń gbé e kiri. Inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò náà kọ́kọ́ ń gbé. Bí a bá tètè rí i níbẹ̀, abẹ́rẹ́ máa ń pa á. Bí a kò bá rí i, yóò wọ inú ọpọlọ. Ẹni náà yóò máa sùn lọ́sàn-án, yóò máa hùwà bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, yóò sì kú. Dókítà òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wa ń wá àwọn abúlé tí àrùn náà wà, kí ó lè gbé oògùn tuntun kan lọ síbẹ̀ láti dán an wò, kí wọ́n sì ṣán igbó etí odò wọn. Àwa òṣìṣẹ́ rẹ̀ la máa ń lọ ṣáájú. A ó fọwọ́ kan ọrùn ènìyàn bóyá kókó wà níbẹ̀, a ó gún ìka rẹ̀, a ó kán ẹ̀jẹ̀ náà sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ẹnì kan, ìka kan, gíláàsì kan. Kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀ tí mo lè fi bojú.

N kò sọ èyí tó kàn láti dá ara mi láre. Bó ṣe rí ni mo fẹ́ sọ. Ọdún mẹ́fà ni mo fi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti bá bàbá mi ṣiṣẹ́ oko láti òwúrọ̀. Ṣòkòtò kan ṣoṣo ni mo ní fún un. Kí n tó dé Ìdí-Àyìn, mo ti fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ mọ́kànlá ní ilẹ̀ Bùnú. Bàtà ọ̀tún mi ti la ní Ayewa, okùn ni mo fi dì í. Àpótí gíláàsì ti bó mi léjìká. Hezekiah Oyèbánjí, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ti parí àwọn abúlé tirẹ̀, dókítà sì ti sọ pé ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ni yóò di ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ bí òjò bá bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo wọ abúlé náà, ó dá páropáro. Àwọn ará ibẹ̀ ti lọ kọ ebè ní oko iṣu wọn lódìkejì odò, ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Bámgbóṣé, olórí agbo ilé wọn, ló jókòó pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ àti àgbà ọkùnrin méjì mìíràn.

"Okun o, Dókítà kékeré," ó kí mi. "Ewúrẹ́ ló kù nílé. Ṣé wàá gba tiwọn?"

Mo ní kí ó ránṣẹ́ pe àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tó dé yóò di ọjọ́ mẹ́ta, àti pé wọn kò ní fi ebè sílẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó rí bàtà mi, àánú mi sì ṣe é. "Jókòó, ọmọ mi. Nígbà tí wọ́n ní ká wá la ọ̀nà mọ́tò, ta ló dáhùn orúkọ gbogbo wọn? Èmi ni. Nígbà tí wọ́n wá ka ènìyàn, ta ni wọ́n bi? Èmi ni. Baba kan náà ló bí wa. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára mi ló wà lára wọn. Gba tèmi." Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Ọkùnrin yìí kò tàn mí. Ohun tó gbà gbọ́ ló sọ, ó sì rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́. Èmi tí mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ṣí àpótí. Mo gún ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo gún ti àbúrò rẹ̀, mo gún ti àwọn àgbà méjì yòókù títí mo fi dé orí méjìdínlógójì. Bámgbóṣé ń pe orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń kọ wọ́n sórí gíláàsì. Bámgbóṣé ń rẹ́rìn-ín. "Bí tọwọ́ bá tán, tẹsẹ̀ ń bẹ."

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò bá wọn lọ sóko. Agatha ni orúkọ rẹ̀, ìyàwó Philip, ọmọ Bámgbóṣé tó ń ṣiṣẹ́ ní Jos. Ó ń hunṣọ lẹ́bàá ògiri, ó sì ti gbọ́ gbogbo ohun tí a sọ. Ó dìde, ó wá na ọwọ́ rẹ̀ síwájú mi. "Bàbá ọkọ mi ń tàn yín ni. Ọmọ ìlú Iffe lèmi. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò sí lára mi. Ẹ gba tèmi lọ́tọ̀."

"Ẹ gbọ́ ẹnu ìyàwó wa," Bámgbóṣé ní. "Ọjọ́ tí o ti wọlé lo ti di tiwa."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sórí gíláàsì tí ẹ̀jẹ̀ ìka ọmọńdinrín Bámgbóṣé wà, ti ọwọ́ ọ̀tún. Kí n nù ún, kí n gún ọwọ́ tó wà níwájú mi, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. N kò nù ún. Mo ní, "Ó tó, ìyàwó. Orúkọ rẹ ti wọlé."

"Ẹ̀rù ará Iffe ló ń bà wọ́n," ó fi ṣẹ̀fẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. N kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

Ní Kabba, Hezekiah ló máa ń kun gíláàsì ní àwọ̀, tí yóò sì kọ́kọ́ wò wọ́n kí dókítà tó wò wọ́n. Ó wo tèmi títí, ó gbójú sókè. "Isaiah, mẹ́wàá tẹ̀ léra ni mo rí aràn ẹ̀jẹ̀ tíntìntín kan náà nínú wọn. Mẹ́wàá tó tẹ̀ lé wọn, kò sí nǹkan kan. Ènìyàn mélòó lo gún?" Mo tẹjú mọ́ àpótí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í po àwọn gíláàsì náà pọ̀ bí ẹni tó ń po káàdì. "Bí òyìnbó bá rí tìrẹ, yóò tún tèmi náà wò," ó ní. "Tèmi náà kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀." Ọjọ́ méjì ni dókítà fi wò wọ́n, kò rí kòkòrò sùnrunsùnrun kankan. Nínú àwòrán ilẹ̀ rẹ̀, gbogbo abúlé etí odò náà gba àmì pupa tó ń fi ibi tí àrùn wà hàn, àfi Ìdí-Àyìn. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ní oṣù kẹfà, mo di ọ̀gá. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun pé àwọn ènìyàn kan wà létí odò tí àrùn náà kò ràn, ó sì ní kí n bá òun ronú sí ohun tó lè fà á. Mo jókòó tì í, mo ṣe bí ẹni tó ń ronú.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1955, Bámgbóṣé àti Philip gbé Agatha wá sí Kabba lórí kẹ̀kẹ́. Ọ̀já ni wọ́n fi dì í mọ́ ìjókòó kí ó má baà ṣubú. Ó rù. Ó rẹ́rìn-ín sí ògiri, ó sì sùn lọ pẹ̀lú ẹ̀kọ lẹ́nu. "Ó gbá mi létí," Bámgbóṣé sọ fún mi. "Ìyàwó tó máa ń kúnlẹ̀ kí mi." Mo mọ ohun tó ń ṣe é kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Dókítà ṣí ìwé, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ní ọdún tó kọjá. Òfin iṣẹ́ wa ni pé a kì í fi abẹ́rẹ́ fa omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn ẹni tí ìwé bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni omi ẹ̀yìn nìkan ló lè sọ bóyá kòkòrò ti wọ ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ kì í sábà fi í hàn mọ́ nígbà náà. Oògùn tuntun náà kò sì tó fún ẹni tí kò sí nínú ìwádìí. Síbẹ̀ ọkàn dókítà kò balẹ̀. Èmi ni ògbufọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n bi bàbá náà bóyá ọwọ́ obìnrin yìí gan-an ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ náà.

Mo bi í. Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Ṣebí ìwọ náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo fún un. Ìka mi yìí ni." Ó gbé ìka ọmọńdinrín rẹ̀ sókè kí dókítà lè rí i.

Mo yíjú sí dókítà, mo sọ fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí Bámgbóṣé àti ọmọ rẹ̀ kò gbọ́, pé, "Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní ìka obìnrin náà tó kéré jù ni wọ́n gún."

Dókítà pa ìwé dé. Ó ní wèrè lásán ni, kì í ṣe iṣẹ́ tòun, kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Mo túmọ̀ ìyẹn fún wọn láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Bámgbóṣé di ọwọ́ mi mú. "O ṣeun, ọmọ mi. O bá wa sọ̀rọ̀ dáadáa."

Wọ́n ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ àbà, igi ńlá tí a gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ sí, bí wọ́n ti ń ṣe fún wèrè, nítorí ó máa ń sá lọ sí odò. Inú àbà náà ló kú sí ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kìíní ọdún 1956. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Philip padà sí Jos, kò wá sílé mọ́. Lẹ́yìn náà ni àbúrò Bámgbóṣé bẹ̀rẹ̀ sí í sùn nídìí oúnjẹ, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọdé. Kò sí ẹni tó lọ wò wọ́n, nítorí ìwé ti sọ pé àrùn náà kò sí níbẹ̀, ọwọ́ mi ló sì kọ ìwé náà.

Bàbá mi Bámgbóṣé, mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ka èyí fún yín. Ẹ̀yin ló na ọwọ́, èmi ni mo mọ̀ pé kò yẹ kí n gbà á. Ẹ má ṣe dá ara yín lẹ́bi. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, kí ẹ dárí jì mí. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, n kò ní bínú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí àyè tó ṣófo nínú ìwé yín ṣófo. Ẹ padà lọ sí abúlé náà, kódà bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ lásán lẹ máa fi lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, àwọn méje tó kù nínú wọn, Bámgbóṣé pẹ̀lú, kó lọ sí Ayewa. Kò sí ẹni tó ń gbé Ìdí-Àyìn mọ́.