Àtẹ́wọ́ Ẹ̀yìn Gàgá

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, tó fi "Kàwé!" ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó rán sí Ànọ́bì wa. Ẹ̀yin èèyàn mi, wáàsí tòní kò gùn: wíwá ìmọ̀, ọ̀ranyàn ni fún ọmọkùnrin, ọ̀ranyàn ni fún ọmọbìnrin. Bàbá tó bá fẹ́ dí ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ọmọ, kó gbọ́ ti Sùnmọ́nù.

Ahunṣọ ni Sùnmọ́nù, ní Ìsẹ́yìn. Ọmọ méjì ló fi sí ilé-kéú Alfa Sálímánù: Múnírù, àti Sìdíkátù àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó sí. Sìdíkátù ń há tirẹ̀ sórí wéréwéré, ti Múnírù ń falẹ̀. Kí ni bàbá wọn wí?

"Alfa, àwọn obìnrin yìí ni kò jẹ́ kí ọmọ mi rójú kàwé. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀!"

Alfa bá ta gàgá, aṣọ ńlá, sí àárín ilé-kéú. Oṣù mẹ́ta kọjá, Múnírù tún wá falẹ̀ sí i! Sùnmọ́nù ní, "Ohùn wọn ló kù tó ń dà á láàmú. Bí Múnírù kò bá mọ̀ ọ́n kà lọ́jọ́ ìdánwò, Sìdíkátù kò ní wá síbí mọ́. Kó jókòó sílé, kó máa ran òwú."

Ẹ gbà mí o! Ẹ̀gún gún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ fẹ́ gé tòsì?

Ọjọ́ pé. Múnírù dìde níwájú gbogbo òbí, ó ń ka súrà Yásín láìwo ìwé. Ó ṣì í kà. Pá! Àtẹ́wọ́ dún lẹ́yìn gàgá. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí lèmọ́mù bá ṣì í nínú ìrun, ọkùnrin á ní "Sùbúhánálláhì", obìnrin á pàtẹ́wọ́. Múnírù padà sẹ́yìn, ó tún un kà. Ó tún ṣì í. Pá! Báyìí ló ṣe kà á dé òpin.

"Ta ló ń pàtẹ́wọ́ yẹn?" Inú ti ń bí Sùnmọ́nù.

"Sìdíkátù ni, Bàbá," Múnírù dáhùn. "Nígbà tá a jọ ń jókòó, òun ló máa ń rọra ta mí nígbòńwọ́ tí mo bá ti ṣì í. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ta aṣọ sí wa láàárín."

Ojú ti ahunṣọ wa. Nígbà tí wọ́n délé, ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì rẹ̀, ó ní kí àwọn méjèèjì jókòó. "Sìdíkátù, ìyá mi, òwú lè dúró. Kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ." Ó wẹ̀yìn wò, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Bó o bá ṣe tán, kọ́ èmi náà. Álífù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ gan-an, n ò mọ̀ ọ́n."

Mi ò ní kí ẹ tú gàgá o! Ilé-ìwé tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ní àlùbáríkà, èyí tó dà wọ́n pọ̀ náà ní. Ẹni tó bá di ẹ̀bi ọmọ kan ru èkejì ló ṣàṣìṣe.

Yáà Ọlọ́hun, tọ́ wa sọ́nà. Fún àwa bàbá ní ọkàn tí ọmọbìnrin wa lè kọ́ ní nǹkan.

Ẹ̀yin bàbá, àmín yín kò dún tó.