Oògùn Táyé Kì Í Ṣe Oògùn Kẹ́hìndé

Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í ṣe iṣẹ́ ló rẹ̀ mí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìgbà tí ìjọba ti sọ ilé ìwé di ọ̀fẹ́ ni àwọn ọmọ ti kún kíláàsì mi ní Bàrígà dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ilé ló rẹ̀ mí. Ìyá ọkọ mi ti kó ẹrù wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ mi kì í jẹ oúnjẹ mi mọ́, gbogbo ará ilé wa ní Ṣómólú ló sì gbà pé mo pe ìyá arúgbó ní àjẹ́. Èmi! Èmi tí mi ò lè wo ojú ìyá náà tààrà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí n rò ó fún yín.

Ìbejì ni mo bí, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Ìyá ọkọ mi ló wá bá mi tọ́ wọn kí n lè ráàyè ṣe iṣẹ́ tíṣà. Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, wọ́n ṣe é. Àwọn ni wọ́n ń pọn ọmọ, àwọn ni wọ́n ń wẹ ọmọ. Òfin kan ṣoṣo ni Ìyá ní: ohun tí Táyé bá jẹ, Kẹ́hìndé gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Bí mo bá na ọ̀kan, àfi kí n fi pàṣán kan èkejì lára díẹ̀! A máa ń fi í rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ lọ́dọ̀ Ìyá. Ìbejì ni ọkọ mi náà. Èkejì rẹ̀ kú ní kékeré, títí dòní ni Ìyá sì ń sọ pé ohun kan ni àwọn fún ọkọ mi tí àwọn ò fún èkejì rẹ̀ yìí, pé ìyẹn ló fi bínú lọ.

Ó wá di ọjọ́ kan, ọmọ kan kó oògùn bàbá rẹ̀ wá sí kíláàsì mi, hóró pupa tí wọ́n fi ṣúgà bò. Ó ń pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bíi súìtì. Ṣebí àwa náà la kọ́ wọn pé ahun ní í dá jẹ? Ọlọ́run ló yọ wá, mo gbà á lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó fi sẹ́nu. Mo wá ń ronú ọ̀rọ̀ tí yóò wọ̀ wọ́n létí. Ta ni kò mọ̀ pé ìbejì kì í jẹ ohun ọ̀tọ̀? Bí oògùn ìbejì kan ò bá wá tọ́ sí èkejì, ti ta ni yóò tọ́ sí ẹlòmíì? Ni mo bá sọ ọ́ di orin: "Oògùn Táyé kì í ṣe oògùn Kẹ́hìndé!" Gbogbo kíláàsì á gbè é, àwọn ọmọ tèmi náà, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé lọ́dọ̀ mi, á sì máa kọ ọ́ tayọ̀tayọ̀ láàárín wọn.

Nígbà tí ọyẹ́ dé ni àyà Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ sí í há, tí kò lè mí dáadáa. Nọ́ọ̀sì dìsípẹ́ńsárì fún un ní hóró funfun, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí àyà rẹ̀ kò há kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án, pé ó lè ṣe ọmọ tí ara rẹ̀ dá ní jàǹbá. Mo sọ fún Ìyá. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, ìyàwó."

Ní ọjọ́ Sátidé, mo lọ pọnmi ní pọ́ǹpù. Mi ò tíì wọlé tí mo ti ń gbọ́ ohùn Táyé: "Mi ò jẹ oògùn Ìyá àgbà o! Ẹ gbà mí! Ó máa pa mí!" Yéè! Oògùn! Hóró dìsípẹ́ńsárì ni ọmọ ń wí o, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ohun tí ará ilé gbọ́. Àwọn obìnrin ti jáde láti ìdí àdògán, wọ́n ń bi ara wọn pé kí ni ìyá yìí fún ọmọ jẹ. Ìyá dúró láàárín wọn, hóró funfun Kẹ́hìndé kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Àwọn obìnrin náà bi Táyé pé ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní, "Màmá wa ni." Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé, ta ló ń gbọ́? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá kàn wò mí, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé kí èyí náà bínú lọ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n lọ.

Ọkọ mi, tó ń to lẹ́tà nílé ìtẹ̀wé kan ní Bàjùláyé, ti sọ tirẹ̀. Ó ní bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, kí n mú Táyé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ọmọ dọ̀bálẹ̀ kó sọ pé irọ́ ni òun pa. Ẹ gbọ́, èmi ṣe tán láti kúnlẹ̀. Wọ́n dójú ti ìyá tó bá mi tọ́ ọmọ lójú gbogbo ará ilé, ọ̀rọ̀ wọn kò sì kúrò létí mi. Ṣùgbọ́n ọmọ ńkọ́?

Nírọ̀lẹ́ yìí, mò ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìnkùlé, mo ní, "Táyé, wàá dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá àgbà, wàá ní irọ́ lo pa." Ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Màmá, tí mo bá dọ̀bálẹ̀ tán, tí wọ́n bá tún fún mi ní oògùn Kẹ́hìndé, ṣé kí n gbé e mì?" Mo yára fi kànìnkànìn àti ọṣẹ bò ó lójú kí n má baà dáhùn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ bá mi wá èsì kan. Mo ti ṣan ọṣẹ kúrò lójú rẹ̀, ó sì tún ń bi mí.